Kọ Àléébù Rẹ̀ fún Mi

Bí wọ́n bá ń wá ọkùnrin tó lè fi ọdún mẹ́wàá gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sẹ́nu, tí kò gbé e mì, tí kò sì tu ú jáde, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá a jìnnà. Rúlà káfíńtà ni.

Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Rúlà, torí ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tọ́ gbọnrangandan. Nígbà tó wá lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, orúkọ náà bá a mu ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń wọn pákó kí ó tó fi ayùn kàn án. Bí ẹ bá bi í léèrè pé ṣé òjò máa rọ̀ lónìí, á kọ́kọ́ jáde síta, á wo òkè, á wo ìsàlẹ̀, á fi pẹ́ńsù họ etí. Kó tó dá yín lóhùn, gbogbo ara yín á ti rin gbingbin. Pákó kò bínú sí ìyẹn, pákó lè dúró de ẹni. Ṣùgbọ́n ọmọ èèyàn kì í ṣe pákó.

Agogo ni ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà fún. Ògiri kan péré ló pín ilé wọn àti ilé Rúlà níyà. Bàbá Agogo ṣe akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ìyá Rúlà ń ránṣọ, bàbá rẹ̀ sì ń wakọ̀ ọ̀nà jíjìn, ẹni tí ẹ lè má rí fún oṣù kan gbáko. Ohùn ọmọbìnrin náà ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Agogo: bó bá kí èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, àwọn tó wà ní òpópónà kejì ló ń dáhùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, Rúlà sì fi oṣù mẹ́rin jù ú lọ. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá ti rí ọ̀kan, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí èkejì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí àwọn méjèèjì ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, Agogo wọ ilé iṣẹ́ Rúlà wá pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ó fi ẹsẹ̀ gbá èérún pákó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó jókòó sórí àga tí wọn kò tíì kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹrin, ó sì fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti í.

"Rúlà, kú iṣẹ́ o. Gbé rándà yẹn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wà."

"Mò ń gbọ́." Ó ṣì ń fi rándà náà fá ojú pákó.

"Gbé e sílẹ̀ ná, jàre. O kì í gbọ́ràn tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ ẹ."

Rúlà gbé e sílẹ̀.

"Apoògùn ti béèrè," ni Agogo wí.

Rúlà mọ apoògùn náà. Ilé oògùn rẹ̀ ló kọjú sí ilé ìwòsàn tí Agogo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí Agogo bá kọjá.

"Ó béèrè kí ni?"

"Ó béèrè ọ̀nà ọjà. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi ni, Rúlà!"

Ayùn kan ń bẹ lórí tábìlì. Rúlà gbé e, ó gbé e kọ́ sára ògiri, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. "Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Èèyàn dáadáa ni. Kì í pariwo. Bàtà rẹ̀ máa ń dán. Bàbá fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n ní orí mi pé wàyí." Ó sọ ìyẹn tán, ó wá ń wo ojú Rúlà, kò sì mú ojú kúrò.

Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá náà gun ọ̀nà ọ̀fun Rúlà wá. Ó dé ẹ̀yìn eyín. Rúlà la ẹnu.

"Ó dáa," ló wí.

Ẹ gbọ́ mi ná? Ilé ọkùnrin ń jó, ó dúró sójúde, ó ní ó dáa!

Agogo gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Nǹkan kan ló kù. Ìyá rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní àwọn kì í gba ìyàwó sílé láì rí ìwé láti ọwọ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n pẹ́ jù lọ. Kì í ṣe ìwé ìyìn o. Wọ́n ní ìyìn ti sú àwọn, pé ọdún márùndínlógójì ni àwọn fi kọ ìyìn irọ́ sínú ìwé èsì ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ. Àléébù mi ni wọ́n fẹ́. Gbogbo ẹ̀ pátá."

"Ta ló wá máa kọ ọ́?"

"Ta ló tún mọ̀ mí?" Ó dìde, àga náà sì dojú bolẹ̀. "Kọ òótọ́ o. Má pọ́n mi lé. Mi ò sì gbọ́dọ̀ kà á, wọ́n ní kó o lẹ̀ ẹ́ pa."

Ó jáde, kò ti ilẹ̀kùn. Rúlà dúró síbẹ̀, ó ń wo òpópónà títí ìrọ̀lẹ́ fi lẹ́. Kò fi ọwọ́ kan pákó mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má rò pé kò gbìyànjú rí. Nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọjọ́ tí Agogo ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn, Rúlà ru àpótí rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti fi ń to gbólóhùn kan. Gbólóhùn náà kò ju báyìí lọ: "Má wá ọkọ níbẹ̀ o, mo wà nílé." Ó ti wọ̀n ọ́n, ó ti tún un wọ̀n, kò síbi tó ti gùn jù. Ó dé ẹnu ọkọ̀, ó gbé àpótí kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Bàbá Agogo wí lẹ́yìn wọn, ó sì gbé ọwọ́ lé èjìká Rúlà, "ẹ̀gbọ́n rẹ rèé. Dágbére fún un, kó má ba ojú jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n! Oṣù mẹ́rin péré! Ẹnu Rúlà pa dé bí àpótí. Agogo dúró lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ títí awakọ̀ fi kígbe mọ́ ọn pé kó wọlé tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Ó wọlé. Ọdún mẹ́ta ni Rúlà fi ń gbọ́ ìdákẹ́ lẹ́yìn ògiri, kò sì sí ọjọ́ tí kò gbọ́ ọ.

Nígbà tó ku ọdún méjì kí apoògùn tó yọjú, ìyá Rúlà wo ojú ọmọ rẹ̀ títí, àánú ṣe é. Kò sọ fún un. Ó wọ aṣọ, ó yọ lọ bá Bàbá Agogo lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ọgbọ́n dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ méjì yìí mà mọwọ́ ara wọn o. Bàbá náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yé e, ó dìde dúró.

"Ẹ̀yin ìyá Rúlà, mo ti pe ọmọ yẹn lọ́mọ. Báwo ni mo ṣe máa wá pè é ní àna? Àti pé kí ni ẹ fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò yìí máa wí? Wọ́n á ní àṣé abẹ́ òrùlé mi ni wọ́n ti ń ṣe é, tí mo ń pè wọ́n ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní orúkọ ládùúgbò."

Ìyá rẹ̀ padà wá sílé, ó rò ó fún un. Rúlà ní kò burú. Ó lọ fi odidi ọ̀sẹ̀ kan kan àpótí ìwé fún ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Ìdí nìyí tí ìwé àléébù fi le fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́, ó fa bébà tó fi ń kọ òṣùwọ̀n sún mọ́ra. Ìwé àkọ́kọ́ tó kọ, ẹ bá mi dárí jì í. Ó kọ ọ́ pé ọ̀lẹ ni, pé alágídí ni, pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ kò ní fojú ba oorun. Bó ṣe kọ ọ́ tán, ó rí i pé bí òun bá fi ìwé náà ránṣẹ́, apoògùn máa sá lóòótọ́, ojú á sì ti Agogo níwájú ìdílé olókìkí. Ó ya á. Ó kọ òmíràn, ìyìn ni látòkè délẹ̀, ó ya ìyẹn náà, torí ẹni tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò jọ ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bó bá bà á jẹ́, ó ṣe é níbi. Bó bá tún un ṣe, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sìn ín lọ sílé ọkọ. Ìgbà tí kò rí ọ̀nà mìíràn, ó kọ òótọ́.

*Màmá, ẹ kú àlàáfíà. Ẹ ní kí n kọ àléébù ọ̀rẹ́ mi. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí àwa méjèèjì kò ní eyín iwájú.*

*Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dé nǹkan. Ìgò, agolo, ìkòkò, ilẹ̀kùn, ṣíṣí ló ń fi gbogbo wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá ń wá a nínú ilé, ẹ máa tọ ìdérí lẹ́yìn.*

*Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́ nínú lúdò, á fi orúnkún gbá tábìlì bí ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀. Láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń jẹ́ kó borí. Kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un.*

*Ó máa ń fi nǹkan oníǹkan tọrẹ. Lọ́jọ́ òjò ńlá kan, ó gba agboòrùn lọ́wọ́ mi, ó fún aláboyún kan tí kò mọ̀ rí. Ó ní kí èmi máa sáré lọ, pé mo gùn, pé kí òjò tó dé ìsàlẹ̀ mi màá ti délé.*

*Bó bá ní ìṣẹ́jú márùn-ún lòun fi máa dé, ẹ lọ sùn ná. Ó ń fún gbogbo ayé lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gún bá gún òun, àdúgbò kò ní gbádùn. Adìẹ ń bà á lẹ́rù, èmi náà ò mọ̀dí rẹ̀. Bó bá wo fíìmù ṣáájú yín, ẹ má wò ó mọ́, ẹ ti gbọ́ ìparí.*

*Bó bá ń bínú, aṣọ ló máa ń fọ̀, títí kan èyí tó mọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì mi mẹ́ta ló ti fọ̀ títí mo fi ń ríran gba inú wọn. Ẹ má dá a dúró. Bó bá ti dórí aṣọ kẹfà, ìbínú á ti tán.*

*Èyí tó burú jù nìyí. Ohùn rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kì í fi í sọ ohun tó ń dùn ún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wá nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò sọ̀rọ̀. Gbogbo èèyàn ń bẹ̀ ẹ́. Èmi gbé àga mi sún mọ́ tirẹ̀, mo jókòó, mo ń fi sáńpépà ha igi kan ṣáá, torí mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Lọ́jọ́ kẹta ó ní, "Ariwo tí ò ń pa yẹn ti pọ̀ jù." Màmá, bí ilé yín bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ má rò pé àlàáfíà ni. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó gbé àga sún mọ́ ọn. Kó má béèrè nǹkan kan. Kó ṣáà má kúrò níbẹ̀.*

*Àwọn tí mo rántí nìyí. Bí ẹ bá bá òmíràn pàdé, ẹ forí jì í.*

Ó ń kọ apá tó kẹ́yìn ni omi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó ríran dáadáa: ó rí i pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn àléébù náà tí òun lè fi tọrẹ. Ó lẹ ìwé pa, ó sì fà á lé Agogo lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Agogo gbé e yẹ̀ wò lápá ọ̀tún àti lápá òsì. "Ó nípọn o," ló wí. "Ṣé bí àléébù mi ṣe pọ̀ tó nìyí?" Kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Bàbá Agogo fúnra rẹ̀ wá sí ilé iṣẹ́, ó ní kí Rúlà kan kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ fún àbúrò rẹ̀, èyí tó máa gbé lọ sílé ọkọ. Rúlà bẹ̀rẹ̀ sí í wọn pákó. Bàbá náà kò tètè lọ. Ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ pa igi lára.

"Bó bá lọ tán," ló wí, "ó ku èmi àti ìwọ nìyẹn o, ọmọ mi. Ìwọ á ṣì máa yọjú wá wò mí?"

"Màá máa yọjú, Bàbá."

Ó wọn pákó náà lẹ́ẹ̀mẹta. Òṣùwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bọ́ sí. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ọjọ́ tó ti ń kan nǹkan.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin àgbàlagbà kan wọlé. Ó wọ awò ojú, ó gbé báàgì sápá, ó tọ́ bí ọ̀pá. Ó wo àga, ó fi aṣọ nu ún, ó jókòó.

"Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Rúlà?"

"Èmi ni mà. Ẹ káàbọ̀ mà."

"Èmi ni ìyá apoògùn." Ó fa ìwé náà yọ. Yíǹkì pupa wà lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "O kọ̀wé dáadáa. Mo fún ọ ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá."

"Ẹ ṣé gan-an mà."

"Mi ò tíì parí. Mo yọ méjì torí pé o kò dáhùn ìbéèrè. Àléébù ni mo ní kí o kọ."

"Àléébù ni mo kọ mà."

"Wò mí dáadáa. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ka ohun tí àwọn ọmọ kọ, tí mo sì ń mọ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́." Ó tún awò rẹ̀ ṣe. "Mo ka ti agboòrùn fún ọmọ mi. Ó ní, 'Màmá, ìyẹn máa fi í sílẹ̀ tó bá délé mi.' Mo ka ti aṣọ fífọ̀. Ó ní ìyẹn náà á fi í sílẹ̀. Mo ka ti adìẹ, ó ní òun mọ oògùn tí wọ́n ń lò sí i. Ọmọ dáadáa lọmọ mi, èmi ni mo bí i. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ wo obìnrin yẹn sàn ni. Ìwọ, èwo lo fẹ́ kó fi sílẹ̀ nínú gbogbo ohun tí o kọ síbí?"

Rúlà wo ilẹ̀. Ó ronú. Ó tún ronú. Obìnrin náà dúró dè é, ó ti mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì.

"Kò sí mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé o ti sọ fún un?"

"Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ mà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni mí."

"Ṣé bàbá rẹ̀ lo fẹ́ fẹ́ ni?"

Rúlà fi pẹ́ńsù họ etí.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," ni ìyá náà wí. Ó gbé ìwé náà lé orí pákó. "Ẹni tó yẹ kó ka èyí kò tíì kà á. Lọ́jọ́ Sátidé, ní ìrọ̀lẹ́, a ń bọ̀ wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí o bá ti sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ náà, màá gbọ́, a ò ní wá. Bí o kò bá sọ̀rọ̀, a máa wá, màá sì gba ọmọbìnrin náà mọ́ra bí ọmọ inú mi. Mi ò ní sọ fún ẹ̀dá alààyè pé mo ka ìwé yìí." Ó dìde, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní ìdajì. "Ìyẹn wọ́ o."

Lọ́jọ́ kejì, bí Agogo ti dé láti ibi iṣẹ́, Rúlà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bó ṣe máa ń ṣe. Ó bá a nídìí báàfù, ó ń fọ aṣọ. Rúlà wo okùn: aṣọ márùn-ún ti wà lórí rẹ̀, ìkẹfà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí èyí tó dọ̀tí tẹ́lẹ̀.

"Kí lo wá wá?" ni Agogo bi í, kò gbójú sókè.

"Ka èyí."

"Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ kà á."

"Èmi ni mo ní kó o kà á."

Ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó gba ìwé, ó ń kà á lórí ìdúró. Ó dé ibì kan, ó kígbe tó jẹ́ pé ẹyẹ fò lórí ògiri: "Lúdò! Irọ́ ńlá! Ìwọ lò ń jẹ́ kí n borí? Ìwọ Rúlà?" Ó ń kà á lọ. Ó rẹ́rìn-ín ní ibi agboòrùn. Ó yọ ṣùtì ní ibi adìẹ. Nígbà tó dé apá tó kẹ́yìn, ó dojú korobá délẹ̀, ó jókòó lé e. Ó kà á tán, ó tún un kà.

"Ta lo kọ èyí sí?"

"Ìyá apoògùn."

"Mo ní ta lo kọ ọ́ sí?"

"Ìwọ," ni Rúlà wí. Bó ṣe jáde nìyẹn, kò wọ̀n ọ́n. "Ìwọ ni. Láti ọjọ́ ibùdókọ̀. Ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ìyẹn pàápàá. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mi ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń gbé láìgbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìn ògiri. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mi ò lè ṣe é mọ́."

Agogo mú aṣọ tútù, ó là á mọ́ ọn láyà.

"Ọdún mẹ́wàá! Mo jókòó sórí àga rẹ, mo ní ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ mi, o ní ó dáa! Mo ní kó o wá kọ àléébù mi. Mo rò pé o máa kọ̀, mo rò pé o máa ya bébà mọ́ mi lójú. Kí lo rò pé mò ń dúró dè? Òjò?" Ó bú sẹ́kún, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì tún ń la aṣọ tútù náà mọ́ Rúlà. "Ṣé o mọ bó ṣe ń rí, kí wọ́n máa pe ẹni tó wù ọ́ ní ẹ̀gbọ́n rẹ lójoojúmọ́, kí òun náà sì máa jẹ́ ẹ?"

Rúlà kò mọ̀ pé ẹlòmíràn wà nínú ìrora tó rò pé òun nìkan ló ń jẹ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Agogo tó tutù mú.

"Èmi ni mo máa lọ fẹnu ara mi sọ fún apoògùn," ni Agogo wí níkẹyìn. "Kò ṣẹ̀ mí. Ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bàbá wá ńkọ́?"

"Màá lọ bá wọn nísinsìnyí."

"Kó o gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kó o ní, Bàbá, mo fẹ́ ọmọ yín? Wọ́n á lé ẹ bí wọ́n ṣe ń lé ọmọ. Rárá. Ọmọ ilé kò lè wá tọrọ ìyàwó nínú ilé ara rẹ̀. Lọ sílé, kó o wá bí àlejò."

Agogo ti sọ fún apoògùn, bàbá rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Agogo to àga sí yàrá àlejò. Ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un pé àlejò ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìyẹn náà kò sì parọ́. Ó wọ aṣọ tó dára jù, ó ń wo ojú aago. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Àlejò ni o."

Ó ṣílẹ̀kùn. Ìyá Rúlà ló rí, nínú aṣọ tó rán fún ara rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Bàbá Rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti pè wálé láti ojú ọ̀nà, eruku ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Rúlà dúró lẹ́yìn wọn, ó gùn jù wọ́n lọ, kò síbi tó lè fara pamọ́ sí.

"Kí ló dé?" ni Bàbá Agogo wí. "Láti ìgbà wo lẹ ti ń kan ilẹ̀kùn ilé yìí?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, a kò mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò yìí," ni bàbá Rúlà dáhùn. "Ọ̀nà jíjìn la ti wá. Wọ́n ní ẹ ní ọmọbìnrin kan, ọmọ wa sì ní àfi ọmọbìnrin náà."

Ojú bàbá náà yí padà. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo òpópónà, níbi tí obìnrin méjì ti dúró pẹ̀lú ẹrù lórí, tí wọn kò fẹ́ lọ. "Mo ti sọ ohun tí àwọn èèyàn máa wí," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Rúlà jáde sí iwájú, ó tẹrí ba. "Bàbá, wọ́n á ní ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é. Ẹ wò mí. Ká ní òótọ́ ni, ṣé mo máa gbẹ tó báyìí?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Agogo kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ nìkan ni ọkùnrin tí mo ń pè lọ́mọ," ló wí. "Bí mo bá fà á lé ọ lọ́wọ́, ta ni mo tún ní?"

Láti inú yàrá, ohùn kan dún tí gbogbo òpópónà gbọ́: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n!"

Bàbá náà pa ilẹ̀kùn dé.

Ìyá Rúlà di apá ọmọ rẹ̀ mú. Wọ́n dúró. Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ilé, ó rìn lọ, ó dúró pẹ́, ó rìn bọ̀. Rúlà rí i pé ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́nu ti tán pátápátá, kò sì kábàámọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ilẹ̀kùn ṣí. Ojú bàbá náà pọ́n, ṣùgbọ́n ó ti dé fìlà, ó dúró bí ìgbà tó ń dúró lẹ́yìn káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àlejò. Ẹ má bínú pé mo dá yín dúró. Ọmọkùnrin mi kan ń gbé nítòsí ibí, èmi kì í ṣe nǹkan lórí àbúrò rẹ̀ láì bi í. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá kí n gbà yín láyè."

"Kí ló wí, ọ̀gá?" ni bàbá Rúlà béèrè.

Ó wo Rúlà.

"Ó ní kí ẹ máa wọlé."